Fáwẹ́ẹ̀lì Kan láti Àkúrẹ́

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n yá mi,
yàrá kan, tábìlì kan, àga kan tó ń mì,
lọ́nà Ìdànrè, kí èèyàn tó jáde tán ní Àkúrẹ́,
níbi tí àwọn òkè dúdú ti ń yọrí lókèèrè
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì.
Nínú lẹ́tà tí mo fi gbàyè, mo ní orí méje ló kù kí ìwé mi parí.
Mo purọ́. Orí kan ṣoṣo ni mo ní,
èyí tó wà lọ́rùn mi, òun náà kún fún ariwo.

Mo fi Àyìnlá sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn.
Ìyá ní, “Oṣù kan gbáko?
Kí lẹ fẹ́ kọ tí kò ṣeé kọ nílé?”
N kò rí èsì fọ̀. N kò tíì rí i.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń gbálẹ̀ yàrá.
Mo gbẹ́ pẹ́ńsù títí ó fi kù bí ìka ọmọ tuntun.
Ní yàrá kejì, Akínfẹnwá ń tẹ kọ̀ǹpútà bí òjò orí páànù,
èmi ń fetí lé ògiri, mo ń jowú.
Ó di ọjọ́ kejìlélógún kó tó jẹ́wọ́:
lẹ́tà sí onílé rẹ̀ ló ń kọ,
tó ń pa á rẹ́, tó tún ń kọ ọ́.

Ìyá Adéjùwọ́n ló ń dáná fún wa.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó bi mí, “Ṣé usu ni kí n sè?”
Mo ní, “Kí ló ń jẹ́ usu?”
Ó wò mí bí ẹni tó gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀,
ó na èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi, èèpo rẹ̀ ṣì ń rọ̀.

Tíṣà Oyèbámijí ló kọ ọ́ sójú pátákó ní kíláàsì kẹta:
Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi u bẹ̀rẹ̀.
A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tó bá ṣì í jẹ pàṣán.
Òfin náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lára mi
kí obìnrin kan tó fi ọ̀bẹ ìdáná là á sí méjì,
tó jù ú sómi, tó fiyọ̀ sí i.

Láti ọjọ́ náà, mo ń tẹ̀ lé e kiri bí adìyẹ:
ulé, ulú, uṣẹ́.
“Uṣẹ́ rẹ ńkọ́?” ni yóò wí tó bá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.
Màá ní ó ń lọ. Kò lọ síbì kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú lójijì.
Kòkó aládùúgbò wà lórí tapólì, kò sẹ́nì kankan nílé wọn.
A sá jáde, òǹkọ̀wé mẹ́fà, a ń wọ́ ọ, a ń gbọ́n ọn.
Ìbídùnní tí ewì rẹ̀ gba ẹ̀bùn lókè òkun
ń fi yẹ̀rì kó kòkó.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.
N kò rò pé a wúlò tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí oṣù fi tán.
Òórùn rẹ̀, kíkan bí ọtí àná, kò kúrò ní ọwọ́ mi;
ó wà lára ojú ewé mẹ́sàn-án tí mo kọ,
méjì ló dára níbẹ̀.

Mo padà sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Mo ní, “Àyìnlá, mo ti dé ulé.”
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀:
“Ilé ni, Mọ́mì! Ilé!”
Mo sọ ẹrù kalẹ̀, Ìyá sì tú àpò náà wò.
Usu márùn-ún, ẹ̀bùn Ìyá Adéjùwọ́n.
Ó tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.
“Ṣé èyí náà lẹ kọ lọ́hùn-ún?”

Èyí tó tóbi jù nínú wọn ti ń hù.